Ṣé a lè fi Dáníẹ́lì 9 mọ ọdún tí òpin yóò dé? Ìdáhùn sí olùkọ́ kan ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Kíláàsì àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní ilé ìjọsìn wa ní Àjárà, Àgbádárìgì. Oníwàásù àlejò kan wá ṣe ìsọjí fún wa. Ó ya àtẹ ọdún sára pátákó, ó fi àádọ́rin ọ̀sẹ̀ inú Dáníẹ́lì 9 ṣe ìṣirò, ó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún ayé yìí, ó sì ní Rọ́ṣíà ni Gógù, ọ̀tá tó fẹ́ gbógun ti Ísírẹ́lì nínú Ìsíkíẹ́lì 38. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun ò san owó WAEC mọ́, ìyá kan sì ti ní kí wọ́n kó owó àjọ òun fún òun. Báwo ló ṣe yẹ ká ka àsọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí, kí ni kí n sì sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá kíláàsì náà, mà. Àtẹ tí àlejò yín yà yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń yà á kì í sábà sọ fún ìjọ ni pé ọdún tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, àwọn fúnra wọn ló yàn án. Ẹ mú báírò àti ìwé, ká jọ ṣe é, ẹ ó rí i.

Ẹ ṣí Dáníẹ́lì 9, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 24 bí ọ̀pọ̀ oníwàásù ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ 1 àti 2 ló sọ ohun tó fa gbogbo rẹ̀. Ìwé Jeremáyà ni Dáníẹ́lì ń kà, ó sì rí i níbẹ̀ pé àádọ́rin ọdún ni ìyà Jerúsálẹ́mù yóò gbà (Jeremáyà 25:11–12 àti 29:10). Kí ló ṣe nígbà tó rí iye ọdún náà? Kò ya àtẹ kankan. Ó gbààwẹ̀, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Àdúrà yẹn gba ẹsẹ 4 sí 19, ẹsẹ mẹ́rìndínlógún gbáko. Àsọtẹ́lẹ̀ tí gbogbo wa ń jà lé lórí, ẹsẹ mẹ́rin péré ni, 24 sí 27. Ẹni tó bá fo mẹ́rìndínlógún yẹn kò ní mọ̀ pé ìdáhùn àdúrà ni mẹ́rin yòókù: ẹnì kan ń sunkún nítorí ìlú rẹ̀ tó di ahoro, Gébúrẹ́lì sì wá bá a ní àkókò ẹbọ àṣálẹ́.

Àádọ́rin ọdún ti Jeremáyà gan-an kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá kà á láti 609 ṣáájú Kristi, nígbà tí agbára Ásíríà tán tí ọwọ́ Bábílónì sì lékè, dé 539 tí Sáírúsì, ọba Páṣíà, gba Bábílónì, àádọ́rin ni. Láti 586 tí wọ́n sun tẹ́ńpìlì dé 516 tí wọ́n tún un kọ́ tán, àádọ́rin náà ni. Ẹni tó kà á láti 605, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó Dáníẹ́lì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò dé nǹkan bí ìgbà tí àwọn ìgbèkùn padà sílé. Ọlọ́run mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iye ọdún tó rọrùn tó báyìí bá ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, ó yẹ ká rọra wọ inú èyí tó le jù ú lọ.

Gébúrẹ́lì ní àádọ́rin ọ̀sẹ̀ ni a ti pinnu sórí “àwọn èèyàn rẹ” àti “ìlú mímọ́ rẹ”. Júù àti Jerúsálẹ́mù ló ń bá wí ná. Ọ̀sẹ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ onítumọ̀ gbà pé ó jẹ́, ọdún méje méje bíi ti Léfítíkù 25:8, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 490. Ó pín in sí mẹ́ta: ọ̀sẹ̀ méje (ọdún 49), ọ̀sẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta (ọdún 434), àti ọ̀sẹ̀ kan (ọdún 7). Láti ìgbà tí àṣẹ bá jáde pé kí wọ́n tún Jerúsálẹ́mù kọ́ títí dé Ẹni àmì òróró, ọ̀sẹ̀ méje àti méjìlélọ́gọ́ta, ìyẹn ọdún 483. (Àwọn Bíbélì kan fi ìdánudúró sí ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méje, ẹni àmì òróró á sì wá dé lẹ́yìn ọdún 49. Àmì kékeré yẹn nìkan ti tó láti yí gbogbo àtẹ padà.)

Àṣẹ wo wá ni? Mẹ́rin ló wà nínú Bíbélì, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọba Páṣíà. Sáírúsì pàṣẹ ní 538 ṣáájú Kristi (Ẹ́sírà 1). Dáríúsì tún un fọwọ́ sí ní nǹkan bí 520 (Ẹ́sírà 6). Atasásítà fún Ẹ́sírà ní ìwé ní ọdún keje ìjọba rẹ̀, 457 (Ẹ́sírà 7). Atasásítà kan náà jẹ́ kí Nehemáyà lọ mọ odi ìlú ní ogún ọdún ìjọba rẹ̀, 445 (Nehemáyà 2).

Ẹ fi ọdún 483 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 538, ẹ ó já sí 55 ṣáájú Kristi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Aísáyà 44:28 dárúkọ Sáírúsì gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò ní kí a tún Jerúsálẹ́mù kọ́, nítorí náà a ò lè kàn pa á tì nítorí pé kò bá wa lára mu. Láti 457: ẹ yọ 457 kúrò nínú 483, ó ku 26, ẹ fi ọ̀kan kún un, ó di ọdún 27 lẹ́yìn Kristi, nítòsí ìgbà tí Jésù ṣe ìrìbọmi. Kí nìdí tí a fi ń fi ọ̀kan kún un? Torí kò sí ọdún òdo: ọdún 1 ṣáájú Kristi ló kan ọdún 1 lẹ́yìn Kristi tààrà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Láti 445, ẹ ó dé ọdún 39, ìgbà tí Pílátù ti kúrò lórí oyè. Ọdún 26 sí 36 ló fi ṣe gómìnà Jùdíà. Ìṣirò náà ti kọjá àgbélébùú.

Kí ni àwọn tó fẹ́ràn 445 wá ṣe? Wọ́n gé ọdún kúrú. Robert Anderson, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí ọ̀rúndún 19, ní ọjọ́ 360 ni ọdún àsọtẹ́lẹ̀, nítorí pé Ìfihàn fi oṣù 42 ṣe ọgba pẹ̀lú ọjọ́ 1,260. 483 lọ́nà 360 jẹ́ ọjọ́ 173,880. Ó kà á láti 14 Oṣù Kẹta 445 ṣáájú Kristi, ó sì bọ́ sí 6 Oṣù Kẹrin ọdún 32, ọjọ́ tó ní Jésù gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn fi ọ̀nà kan náà bẹ̀rẹ̀ láti 444, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ọdún 33, àwọn náà ní ó bọ́ sójú ọjọ́ gééré. Àwọn Júù fúnra wọn kò fi ọjọ́ 360 gbé ayé: oṣù kẹtàlá ni wọ́n máa ń fi kún ọdún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí Àjọ Ìrékọjá má baà kúrò ní àkókò rẹ̀.

Kí ẹ lè fi hàn wọ́n ní kíláàsì bí ẹnu ọ̀nà ṣe ń ṣini lọ́nà, ẹ sọ ti William Miller, oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà, fún wọn. Ní 1842, ọdún tí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yín níbẹ̀, irú àtẹ yìí gan-an ni àwọn ọmọlẹ́yìn Miller ń tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 2,300 inú Dáníẹ́lì 8:14 ni wọ́n sọ di ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 457, wọ́n yọ 457 kúrò nínú 2,300, ó ku 1843, ìgbà tí wọ́n ní Kristi yóò padà wá. Ìgbà tí àkókò náà kọjá ni wọ́n fi ọ̀kan kún un nítorí ọdún òdo tí kò sí, ó di 1844, wọ́n sì wá mú 22 Oṣù Kẹwàá. Àwọn àgbẹ̀ kan fi irè oko wọn sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò wọn kò ní àṣìṣe mọ́ nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni kò dúró.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, tí àlejò yín ní òun nìkan ló kù. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Kristẹni ti ń kà á, kí kíláàsì yín sì mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan rí Antiochus Epiphanes níbẹ̀, ọba Síríà tó gbé pẹpẹ òrìṣà sórí pẹpẹ tẹ́ńpìlì ní 167 ṣáájú Kristi, tó sì dá ẹbọ ojoojúmọ́ dúró. Ní 164 ni wọ́n ya tẹ́ńpìlì náà sí mímọ́ padà. Àjọ̀dún Ìyàsímímọ́ tó wà ní Jòhánù 10:22 ti ibẹ̀ wá. Ìtàn yẹn bá Dáníẹ́lì 8 àti 11 mu gan-an, ṣùgbọ́n ọdún 490 kò gún régé síbẹ̀, àfi tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ apá kan láti ibì kan, apá kejì láti ibòmíràn. Àwọn kejì ní Kristi ni a “ké kúrò” ní ẹsẹ 26, ikú rẹ̀ ló fòpin sí ẹbọ, àwọn ọmọ ogun Róòmù lábẹ́ Titus ló sì pa ìlú àti ibi mímọ́ run ní ọdún 70. Àwọn kẹta fi àlàfo sáàárín ọ̀sẹ̀ kọkàndínláàádọ́rin àti àádọ́rin: aago dúró nígbà tí Júù kọ Mèsáyà, yóò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbàsókè Ìjọ, pẹ̀lú ọdún méje ìpọ́njú. Hippolytus, olùkọ́ kan nínú Ìjọ àtijọ́, ti fi ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn sí òpin ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, nítorí náà ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe tàná. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbọ́ ọ lónìí, pẹ̀lú ìgbàsókè tó ṣáájú ìpọ́njú, ọ̀dọ̀ oníwàásù kan, John Nelson Darby, ní ọ̀rúndún 19 ló ti wá, Bíbélì onítumọ̀ tí Scofield gbé jáde ní 1909 ló sì gbé e káàkiri títí tó fi dé orí pẹpẹ wa.

Èyí tí mo gbà jù ni ìkejì, nítorí pé ẹsẹ 24 ń sọ̀rọ̀ ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ àti òdodo àìnípẹ̀kun, mi ò sì mọ ibi tí Kristẹni yóò ti wá ìyẹn lẹ́yìn àgbélébùú. Àlàfo kò sí nínú ọ̀rọ̀ Gébúrẹ́lì; onítumọ̀ ló fi í síbẹ̀. Ó lè ní ìdí rẹ̀, àwọn olùfọkànsìn púpọ̀ ló gbà á, ẹ má sì lé ẹnikẹ́ni jáde torí rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí a wàásù rẹ̀ bíi pé ó dájú tó Jòhánù 3:16.

Ẹnì kan á béèrè pé, ṣebí Jésù náà tọ́ka sí Dáníẹ́lì? Bẹ́ẹ̀ ni, Mátíù 24:15, ìríra ìsọdahoro, ìyẹn ohun ẹ̀gbin tó ń ba ibi mímọ́ jẹ́. Ẹ gbé Lúùkù 21:20 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: níbi tí Mátíù ti sọ ìríra, Lúùkù sọ pé nígbà tí ẹ bá rí ogun tó yí Jerúsálẹ́mù ká. Antiochus ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí Jésù tó dé; Jésù ní yóò tún ṣẹlẹ̀; ó sì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 70. Síbẹ̀ orí kan náà sọ̀rọ̀ wíwá Ọmọ ènìyàn nínú àwọsánmà, èyí tí a ṣì ń retí. Báwo ni ohun méjì ṣe wà lẹ́nu kan náà?

Ẹ kó kíláàsì yín lọ sí Màrínà. Tí wọ́n bá dúró létí ọ̀sà, wọ́n á rí igi àgbọn Gberefu lódì kejì, ojú ọ̀run á sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, bíi pé ẹ̀yìn igi yẹn gan-an ni òkun wà. Ìgbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ kọjá ni wọ́n á tó mọ̀ pé ìrìn ṣì kù lórí iyanrìn kí wọ́n tó dé etí òkun. Bí wòlíì ṣe máa ń ríran nìyẹn: ìdájọ́ tó sún mọ́ ọn àti ìdájọ́ ìkẹyìn máa ń lẹ̀ mọ́ra lójú rẹ̀, kì í sì í sábà sọ bí àárín wọn ti gùn tó.

Jésù fúnra rẹ̀ kà á báyìí. Ní Násárétì (Lúùkù 4:16–21), ó ṣí Aísáyà 61, ó ka ìwàásù ìyìn rere fún òtòṣì, ìdáǹdè fún ìgbèkùn, ọdún ìtẹ́wọ́gbà Olúwa. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé, ó dá a padà fún ìránṣẹ́, ó jókòó. Ẹ lọ wo Aísáyà 61:2. Gbólóhùn náà kò tíì parí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni “ọjọ́ ẹ̀san Ọlọ́run wa”. Kò kà á. Ó ní, lónìí ni ìwé mímọ́ yìí ṣẹ ní etí yín. Ìdajì ẹsẹ kan ṣẹ lọ́jọ́ yẹn, ìdajì kejì ṣì ń bọ̀, kò sì sọ iye ọdún tó wà láàárín wọn. Ẹ lo àkókò púpọ̀ níbí ju bí ẹ ó ti lò lórí Dáníẹ́lì lọ, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan fi ìka sí ibi tí Jésù dúró sí.

Èyí náà ló ń tún “ọjọ́ ìkẹyìn” ṣe lọ́kàn wa. Ní Pẹ́ńtíkọ́sì, Pétérù ka Jóẹ́lì 2, ó ní èyí ni ohun tí wòlíì sọ (Ìṣe 2:16–17). Hébérù 1:2 ní Ọlọ́run ti bá wa sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Ọmọ ní ọjọ́ ìkẹyìn wọ̀nyí. Láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì la ti wà nínú rẹ̀. Oòrùn tó ṣókùnkùn àti ìràwọ̀ tí kò tàn mọ́ tí Jóẹ́lì dárúkọ kò sì tuntun: Aísáyà 13:10 ti sọ ọ́ nípa ìṣubú Bábílónì, ẹsẹ 17 sì dárúkọ àwọn ará Mídíà tó fẹ́ ṣe é. Bábílónì ṣubú ní 539, ìràwọ̀ sì wà lójú ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ náà. Ewì ni; bí wòlíì ṣe máa ń kígbe pé ìjọba kan ti wó nìyẹn.

Gógù kò ní gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Ìsíkíẹ́lì jẹ́ ìgbèkùn ní Bábílónì, ọdún 593 sí 571 ṣáájú Kristi ni déètì tó wà nínú ìwé rẹ̀ bọ́ sí. Méṣékì àti Túbálì tó ní Gógù ń ṣe olórí wọn, àwọn ará ìgbà rẹ̀ mọ̀ wọ́n: ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí ni wọ́n ń gbé, Ìsíkíẹ́lì 27:13 sì sọ pé wọ́n ń kó ẹrú àti ohun èlò idẹ wá tà ní Tírè. Àwọn tó ní Mọ́sìkò ni Méṣékì, ìró ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọdún 1147 lẹ́yìn Kristi ni orúkọ Mọ́sìkò kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀, inú orúkọ odò rẹ̀ ló sì ti wá. Tó bá jẹ́ ìró ni, ìlú yín náà á di Bágídádì. Ní ti “Róṣì” tí wọ́n ń sọ di Rọ́ṣíà, olórí ni ọ̀pọ̀ Bíbélì fi túmọ̀ rẹ̀, olórí náà ló sì jẹ́ ní ibi tó pọ̀ jù lọ nínú Májẹ̀mú Láéláé. Àwọn kan náà tó di orúkọ mú ṣinṣin ló ń sọ ọrun, ọfà àti ẹṣin orí 38 àti 39 di mísáìlì. Wọn kò lè mú un ní ọ̀nà méjèèjì. Ìfihàn 20:8 ti sọ ibi tí Gógù yóò ti wá fún Kristẹni: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Kò fi mọ sí orílẹ̀-èdè kan.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ́ni ní àsọtẹ́lẹ̀ èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wá déètì àti ọba tí wòlíì dárúkọ, ó sábà máa ń wà ní ẹsẹ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn máa lóye. Ẹ wá a bóyá ó ti ṣẹ nínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Ẹ wo bí Jésù tàbí àwọn àpọ́sítélì ṣe lò ó. Níbi tí áńgẹ́lì bá ti túmọ̀ ìran, bíi àgbò tó jẹ́ Mídíà òun Páṣíà àti òbúkọ tó jẹ́ Gíríìkì ní Dáníẹ́lì 8:20–21, ẹ dì í mú. Níbi tí kò bá ti túmọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe búra lé e. Ìròyìn orí fóònù ni kó gbẹ̀yìn, kì í ṣe òun ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀dọ́kùnrin yẹn, ẹ ní kó ka Jeremáyà 29 sókè láti ẹsẹ 4. Lẹ́tà kan náà tó sọ àádọ́rin ọdún ní ẹsẹ 10 ló ní ní ẹsẹ 5 sí 7 pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Òpin ìgbèkùn ní ọjọ́, Ọlọ́run sọ ọjọ́ náà fún wọn, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n kọ́ ilé. Ẹ fi orí 32 kún un: Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, Jeremáyà wà ní àhámọ́, ó san ṣékélì fàdákà mẹ́tàdínlógún fún oko kan ní Ánátótì, ó buwọ́ lu ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó ní kí wọ́n fi ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́. Kó lọ san owó WAEC rẹ̀ kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá. Ní ti ìyá alájọ, 2 Tẹsalóníkà 2:2 bá àwọn tí ẹnì kan ti dẹ́rù bà pé ọjọ́ Olúwa ti dé wí, orí 3 sì bá àwọn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wí. Tó bá nílò owó rẹ̀ fún nǹkan mìíràn, kó gbà á. Kó má gbà á nítorí pátákó.

Tí ẹ bá tún rí àlejò yín, ẹ má bá a jà níwájú ìjọ. Ẹ fa ìwé yín yọ, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé: “Sà, nínú àṣẹ mẹ́rin yẹn, èwo lẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Ọjọ́ mélòó ni ọdún yín? Ẹsẹ wo ló sọ àlàfo?” Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú Bíbélì, ẹ pè é wá sí kíláàsì kó wá ṣàlàyé. Tó bá ní ẹ̀mí ló sọ fún òun, Diutarónómì 18:22 ti sọ bí a ṣe ń yẹ ìyẹn wò.